Fóònù Táyé Tí Kò Yí Padà

Ìbejì ni Kẹ́hìndé, baba Mùyìbátù, ní Tẹ̀dé. Táyé, èkejì rẹ̀, ti kú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, baba wà lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń yí iṣu èlùbọ́ tó sá síbẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ Ràmọ́nì aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀kadà kan dúró lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan bọ́ sílẹ̀. Eruku ọ̀nà Ìséyìn ti bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"O ò. Ta nìyẹn?"

"Èmi Fàrídà ni, ọmọ yunifásítì. Èmi tí mo wá síwájú mọ́ṣáláṣí nígbà iṣu titun, tí mo ní kí ẹ máa bá mi ṣí ìkànnì kan lórí fóònù yín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀."

"Áà. Ọmọ tó ń wọn ohun tí ojú ò rí."

"Èmi ni, Bàbá."

"O ti wọ̀n ọ́n tán?"

"Ó kù díẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó máa kù. Ohun tí ojú ò rí kì í tán bọ̀rọ̀."

Fàrídà kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Bàbá, Bàbá Táyé ni mo wá rí."

Ọ̀pá baba dúró lókè. Ewúrẹ́ kan rí àyè, ó gbé iṣu kan, ó ń lọ.

"Ẹran Ràmọ́nì! Olè ọmọ olè!" Baba sọ òkò tẹ̀lé e. Ó yíjú padà. "Kí ni Táyé ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀sùn wọn."

"Ẹ̀sùn tuntun nìyẹn."

"Ọ̀gá mi nílé ìwé ní irọ́ ni mo pa. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Táyé, pé èmi ni mo jókòó sínú yàrá tí mo kọ ọ́. Tí mi ò bá mú wọn jáde kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ló ni fóònù, ó ní òun á da iṣẹ́ mi nù, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Nítorí Táyé."

"Nítorí Bàbá Táyé."

"Ó ti pẹ́ tí Táyé ti kó ẹnì kan sí wàhálà," ni baba wí. "Mo rò pé ó ti jáwọ́."

Ó fìdí lélẹ̀. "Ṣàlàyé. Má fi gẹ̀ẹ́sì gún mi lójú."

"Ẹ rí i, Bàbá. Ojú tí fóònù fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, bùráósà là ń pè é. Ó ní àmì lára. Bí gíláàsì fóònù ṣe fẹ̀ tó, èdè tó ń sọ, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí, aago ìlú tó ń tẹ̀lé. Tí èèyàn bá kó gbogbo ẹ̀ jọ, ó dà bí ìtẹ̀ka. Ìkànnì tí ẹ bá yà sí á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tún dé, bí ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ."

"Ta ló ní kó mọ̀ mí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó mọ̀ yín."

"Ó kàn ń yọjú wo ilé onílé láìkágò."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Níbí, olè là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ń fi í gboyè."

"Èmi ò jí nǹkan kan o! Èmi ń wọn bí àmì náà ṣe ń yí padà ni. Lónìí wọ́n tún bùráósà ṣe. Lọ́la ẹnì kan sọ lẹ́tà di gbàǹgbà. Díẹ̀díẹ̀, ìtẹ̀ka tàná ò jọ tòní mọ́. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó di àjèjì."

"Ò bá ti bi ìyàwó mi. Ó mọ bó ṣe ń pẹ́ tó."

Fàrídà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ti gbogbo èèyàn ló yí padà, Bàbá. Tiyín tiẹ̀ ń yí bí ọ̀gà. Ó sọ Lárúbáwá, ó sọ Faransé."

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni. Nígbà Faransé yẹn, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo rò pé ara rẹ̀ ò yá."

"Ti Bàbá Táyé nìkan ni kò yí. Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ títí di èyí tó kọjá, ẹyọ kan ò yẹ̀. Ọ̀gá mi ní kò sí alààyè tí fóònù rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Baba wò ó dáadáa.

"Ọ̀gá ẹ yìí," ni ó wí, "ó gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ."

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí Mùyìbátù fẹ́ ra fóònù fún baba rẹ̀, méjì ló rà, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé, ọ̀kan fún Táyé, bí Táyé tilẹ̀ ti wọlẹ̀. A kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì. Lèmọ́mù ti ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ra méjì. Nígbà tí Fàrídà wá ń pín ìkànnì níwájú mọ́ṣáláṣí, baba gba méjì, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti Táyé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti gbọ́ pé Táyé kú ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ eléruku yìí nìkan ló kù tí wọ́n ṣì ń kà á mọ́ èèyàn. Baba ò fẹ́ kí wọ́n fa ìyẹn náà yọ.

"Níbo ni wọ́n wà, Bàbá?"

"Kò jìnnà." Baba fi ọ̀pá tọ́ka sídìí igi káṣú lẹ́yìn ilé.

"Kí n lọ bá wọn níbẹ̀?"

"Rárá o. Má kánjú."

"Ṣé wọ́n ń sinmi ni?"

"Ó dùbúlẹ̀."

"Ẹ bá mi jí wọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Agbára mi ò gbé e."

"Oorun ọ̀sán lásán?"

"Ó jìn ju ti ọ̀sán lọ."

"Kí n pè wọ́n lórí fóònù, bóyá wọ́n á gbọ́."

"Fóònù wà nínú àpótí. Kì í gbé e dání."

"Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

"Kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Fóònù náà kì í yọ òun lẹ́nu. Wọ́n bá ara wọn mu."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Fàrídà. "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ti àbúrò yín yìí pọ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Ìséyìn, gbogbo egungun mi ló tú. Wọn ò lè dìde fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀? Irú èèyàn wo nìyẹn?"

"Kí n sọ fún un pé o bú u?"

"Ẹ sọ fún wọn! Ẹ ní mo ní wọ́n ya ọ̀lẹ!"

"O ò parọ́. Èmi nìkan ni mo ń ro oko wa látọjọ́ yìí."

"Àti agbéraga!"

"Ìyẹn lo fi ṣì í. Kò sẹ́ni tó relẹ̀ tó o."

Ọmọ náà wá bú sẹ́kún. Omi ojú la eruku ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baba kò fẹ́ràn ẹkún. Bí ẹkún bá ti wà nílẹ̀, ọkàn kì í sí lára iṣu, ewúrẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó tó. Dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó lè dìde."

Ó wọlé. Fàrídà gbọ́ tí àpótí dún. Nígbà tó yá, arúgbó kan gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó dé fìlà pupa, ó fi awò dúdú sójú, ó gbé fóònù kan tó ń dán lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro, ó sì ń wúkọ́.

"Ta ló ní ọ̀lẹ ni mí?"

Fàrídà fi eékún méjèèjì gbálẹ̀. "Bàbá Táyé! Ẹ má bínú, ebi ló ń sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ohùn ẹ wọnú ilẹ̀."

"Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù yìí?"

"Wò ó. Ojú ẹ̀ ń dán. Ti Kẹ́hìndé ti fọ́ níbi mẹ́ta. Ẹni yẹn ò mọ nǹkan tọ́jú. Aláìnítìjú ni."

Fàrídà gbé fóònù tirẹ̀ sókè láti ká ọ̀rọ̀ baba sílẹ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó tún wo arúgbó náà.

"Bàbá Táyé, ìyẹ̀fun iṣu wà ní ìgúnpá yín."

"Ẹ̀n-hẹ́n?"

"Ó wà ní ti Bàbá Kẹ́hìndé náà."

"Ìbejì ni wá."

"Ìgúnpá òsì kan náà."

"Ìyá kan náà ló bí òsì wa méjèèjì."

"Bàtà yín, ẹsẹ̀ kan dúdú, ẹsẹ̀ kan búlúù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn."

"Méjì-méjì ni wọ́n ń rà fún wa."

"Wọ́n wá ra dúdú kan, wọ́n ra búlúù kan, ẹ pín in ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan?"

"Kí ìjà má baà dé."

"Ọ̀pá tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ ńkọ́? Ó ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Baba wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ó ní kí n bá òun mú un dání."

"Ẹ pè wọ́n kí wọ́n jáde wá, kí n ya ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò."

"Kò sí nílé."

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?"

"Ó gba ẹ̀yìn jáde."

"Ó lọ síbo?"

"Ó lọ dùbúlẹ̀ sí àyè mi. A kì í jẹ́ kí àyè yẹn ṣófo."

Àsìkò yẹn gan-an ni ewúrẹ́ tó gbé iṣu lọ padà wá, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn, àwọn méjèèjì gun orí àpáta.

"Ẹran Ràmọ́nì! Olè ọmọ olè!"

Baba fò. Kò tiro. Awò dúdú bọ́ sórí iṣu. Ó lé ewúrẹ́ méjèèjì dé ìdí ọgbà, ó fi ọ̀pá gbá ọ̀kan nídìí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ padà bọ̀. Nígbà tó rántí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro báyìí.

"Bàbá Kẹ́hìndé," ni Fàrídà wí.

"Táyé ni."

"Bàbá, iṣẹ́ mi nìyí. Èèyàn á pààrọ̀ fìlà, á pààrọ̀ ohùn, á ní òun ti di ẹlòmíràn. Nǹkan méjì yí, gbogbo ìyókù dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń rojọ́ ẹ̀. Bí ìkànnì ṣe ń mọ fóònù tó pààrọ̀ aṣọ nìyẹn. Bí mo ṣe mọ̀ yín náà nìyẹn."

"Irọ́ ni. Ewúrẹ́ ló tú mi fó."

"Bàbá Táyé dà?"

Baba ṣí fìlà pupa. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀.

"Ó ti kú."

"Nígbà wo?"

"Kí wọ́n tó ra fóònù ẹ̀."

Fàrídà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo igi káṣú. Ó wo baba. Ó tún wo igi káṣú.

"Bàbá, mo ní wọ́n ya ọ̀lẹ."

"Ó gbọ́."

"Mo ní kí ẹ jí wọn!"

"Mo bá ọ bẹ̀ ẹ́. Kì í bínú pẹ́."

"Ta ló wá ń ṣí ìkànnì mi lórí fóònù wọn?"

"Ta ni ì bá tún ṣí i? Bí mo bá kírun Jímọ̀ dé, mo ṣí tèmi. Mo gbé tirẹ̀ jáde nínú àpótí, mo bu nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún un nínú tèmi, mo ṣí tirẹ̀. Mo nù ún, mo dá a padà. O ní kí oníkálukú ṣí tirẹ̀. O ò ní kí òkú yọwọ́."

"Tí fóònù bá ní kí wọ́n sọ òun di tuntun ńkọ́?"

"Ó máa ń bèèrè. Ó ti yá a lára jù. 'Ṣé o gbà?' Mo ní mi ò gbà."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Ẹni tó ni ín ò sí nílé. Ṣé kí n máa bá a gba ohun tí ò mọ̀? Tó bá dé tó ní ta ló fọwọ́ kan nǹkan òun, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Fàrídà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ mọ̀ pé ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, àmì fóònù yín àti tiwọn, ọ̀kan náà ni? Kọ̀ǹpútà mi ò mọ èwo ni ti ta. Ìgbà tó yá ni tiyín bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ló ń jìnnà sí tiwọn."

Baba yí iṣu kan. Ó tún un yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú wa," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn tó wá kí mi ń rí mi tí wọ́n ń sá. Wọn ò lè sá mọ́. Eyín mi ti ká, ojú mi ti hunjọ. Òun dúró sí bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. Tó bá pàdé mi lónìí, ṣe ni á dọ̀bálẹ̀, á ní, 'Ẹ kúulé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ilé Kẹ́hìndé?'"

Ó wú ikọ́. Èyí kì í ṣe ikọ́ Táyé.

"Ó dáa. Fa orúkọ ẹ̀ yọ. Gbogbo wọn ló ti fà á. Bírò tìẹ nìkan ló kù. Má jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ bàjẹ́ nítorí òkú onímẹ̀ẹ́lẹ́."

Fàrídà kò yọ bírò. Ó ń wo ewúrẹ́ tó tún dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, tí gbogbo fóònù bá ń yí padà, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n gan-an ló ń yí?"

"Èmi lò ń bi? Ìwọ lo lọ yunifásítì."

"Ó yẹ kí ẹyọ kan wà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, tó dúró lójú kan. Bí èèkàn. Ewúrẹ́ á máa yí ká, èèkàn á dúró. Ara èèkàn la ti ń mọ ibi tí ewúrẹ́ rìn dé."

"Ràmọ́nì ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí láyé ẹ̀."

"Bàbá Táyé ni èèkàn mi! Bàbá, mi ò yọ wọ́n o. Mo máa kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: fóònù olóògbé Táyé, tí ẹnikẹ́ni kì í yí nǹkan kan lórí ẹ̀."

"Táyé ni kó o kọ. Orúkọ ẹ̀ kì í ṣe Olóògbé."

"Táyé."

"Ẹ̀n-hẹ́n."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ó ya fọ́tò fóònù àti àpótí mọ́ ọn. Wọ́n dúró. Baba ń yí iṣu, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò sí níbi iṣu. Fóònù Fàrídà dún. Ó kà á. Ojú rẹ̀ tàn. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti gbà pé fóònù wà. Ó ní fóònù náà gan-an ló tiẹ̀ wúlò jù nínú gbogbo wọn."

"Ṣùgbọ́n."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ṣùgbọ́n wà níbẹ̀?"

"Ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́."

"Ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹni tó ni fóònù gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà ká fi ṣèwádìí. Ó ní ẹ̀yin ò lè bá wọn gbà á. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Táyé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á dà á nù."

"Lẹ́yìn tó o ti sọ fún un pé ó ti kú?"

"Ó ní òfin ni òfin."

Baba gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó yọ fìlà tirẹ̀ nínú àpò, ó dé e padà sórí.

"Láàárín èmi àti Táyé, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yin Kẹ́hìndé ni."

"Ta ló rán Táyé pé kó kọ́kọ́ lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dé ibẹ̀, ó ké sí mi, mo tẹ̀lé e. Ó jíṣẹ́. Ìgbà tó yá, mo tún rán an pé kó lọ wo ọ̀hún. Kò tíì wá jíṣẹ́ ìyẹn. Ṣé o gbọ́? Ẹni tí mo rán níṣẹ́ ni, ẹnu mi ni ẹnu ẹ̀. Sọ fún ọ̀gá ẹ pé mo gbà fún un. Tó bá jẹ́ dandan ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu Táyé fúnra ẹ̀, kó máa bọ̀ ní Tẹ̀dé. Èmi ni mò ń ránni lọ síbẹ̀. Mo lè rán òun náà."

"Bàbá! Mi ò lè kọ ìyẹn sí ọ̀gá."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má fi gẹ̀ẹ́sì bà á jẹ́."

Fàrídà kọ ọ́. Ó ṣe bìsìmílà, ó fi ránṣẹ́. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lójú fóònù tí ìdáhùn fi wọlé.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti gbà." Fàrídà ń tún un kà bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. "Ó ní kò sí wàhálà kankan mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti tó. Ó ní kí Bàbá má ṣe ìyọnu kankan, kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni níbì kankan. Ó ní kí n bá òun kí Bàbá Táyé."

Baba tún mú ọ̀pá, ó nà án sí ewúrẹ́ tó ń bọ̀.

"Ẹni tó ní òfin ni òfin lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Ìyẹn yí padà kíákíá o. Ṣé o wọ̀n ọ́n?"